Páálí Mẹ́ta ti Bàbá Onoré

Àbámẹ́ta, 17 Fẹ́búárì 1996

Fadá Akínwùmí fi ìyà jẹ mí kọjá ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ mi tó. Kí ni mo tilẹ̀ ṣe? Mo kàn fi ohùn Mìsíìsì Jayéọlá, àgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, kọrin bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi ilẹ̀kùn há lẹ́sẹ̀. Gbogbo akọrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àfi Fadá tó dúró lẹ́yìn mi. Ìdájọ́ méjì ló dá lójú ẹsẹ̀. Èkíní, kí n gbá yàrá ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì, kí n lọ kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Bàbá Onoré, Òyìnbó Faransé afọ́jú tó ń tẹ dùùrù fún wa ní Máàsì Yorùbá, láti Ọjọ́rú Eérú títí di Àjíǹde. "Ọwọ́ tí kò bá níṣẹ́ ni ẹnu ń bá ṣeré," ni Fadá wí.

Eruku yàrá ìkẹ́rùsí yẹn tó fi kọ́ ilé alájà mẹ́ta. Mo bá páálí mẹ́ta níbẹ̀ tó kún fún bébà tó nípọn. Kò sí yíǹkì lára wọn, kò sí pẹ́ńsùlù, wọ́n kàn rí wúruwùru bí ara ọmọ tí ooru mú. Mo ní òjò ló bà wọ́n jẹ́. Mo gbé méjì fún Ìyá Osaro tó ń ta ẹ̀pà ní ìkóríta Iyaro. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí ṣe ọmọ: "My pikin, God go bless you! This one strong pass newspaper!" Ó rọ ẹ̀pà kún láílọ́ọ̀nù dúdú fún mi, ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lé e. Ẹ̀kẹta wúwo jù, mo tì í sábẹ́ àwọn àga tó ti kán.

Mo jẹ ẹ̀pà títí inú mi fi ń kùn bí jẹnẹrétọ̀. Bí ìyà bá máa ń rí báyìí, kí Fadá máa fi jẹ mí lójoojúmọ́.

Ọjọ́rú Eérú, 21 Fẹ́búárì

Eérú lórí, ebi níkùn. Mo lọ mú Bàbá Onoré nínú yàrá rẹ̀ ní Uwasota, òpópónà kejì sí tiwa, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iyaro. Epo ti wọ́n, owó ọkọ̀ ti lé, kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń ti èèyàn wọlé bí ẹni ń di ẹrù. Ó ti Bàbá. Bàbá yíjú sí i, ó fi ohùn Ẹ̀gbá tó dán gbinrin wí pé, "Rọra, ọmọ ìyá mi, n kì í ṣe àpò gaàrí." Nílùú tí kì í ṣe ti Yorùbá yìí, àwa Yorùbá mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ìjókòó.

Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi lọ́nà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí àìsàn fọ́ ọ lójú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Párìsì ló ti kọ́ dùùrù. Ó di olùkọ́, ó kọ́ ogunlọ́gọ̀ ọmọ. Ní 1961 ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ fadá ní Abẹ́òkúta. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun fẹ́ lò. Ẹ̀gbọ́n ti kú, wọ́n ti sin ín sí Abẹ́òkúta, àbúrò ṣì ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ bọ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìjọ wa níbí.

Nígbà tí a dé ìdí dùùrù, ó ṣí ìwé ńlá kan síwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lé ojú ìwé náà, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ dùùrù. Ó pààrọ̀ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń kàwé. Ẹni tí kò ríran kò lè fi ọwọ́ méjèèjì kàwé kó tún fi méjèèjì tẹ dùùrù. Ọwọ́ kan ń kà, ọwọ́ kan ń tẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán, a ó gbé ìwé kúrò."

Ó mú ìka mi, ó fi lé ojú ìwé. Wúruwùru. Bí ara ọmọ tí ooru mú.

Mo fa ìka mi sẹ́yìn. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Ó ní orin tí òun fúnra òun kọ wà ní ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀ṣì, páálí mẹ́ta. Ó ní Máàsì Yorùbá kan ni, pé ogún ọdún lòun fi kọ ọ́. Yàrá òun ń jò, ìyẹn ló jẹ́ kí fadá tó ṣáájú Fadá Akínwùmí bá òun kó o síbẹ̀. "Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, Lará. Ta ni ì bá bá mi dà á kọ?"

Ọjọ́bọ̀, 22 Fẹ́búárì

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Ìyá Osaro kí n tó lọ sílé ìwé. "Paper? E don finish since Monday o! You get another one?"

Mo fẹsẹ̀ wá gbogbo Iyaro. Mo yọ méje nínú gọ́tà. Wọ́n ti ká wọn róbótó fún ẹ̀pà, òróró ti mu wọ́n, gbogbo àmì ara wọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Màmá ní kí ló ń rùn.

Àìkú, 25 Fẹ́búárì

Fadá kéde rẹ̀ lẹ́yìn Máàsì. Ẹsẹ̀ Bàbá Onoré ti ń wú láti ìgbà díẹ̀, dókítà sì ní ọkàn rẹ̀ ló ń rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bí ń bọ̀ láti Faransé, yóò mú un lọ sí ilé àwọn arúgbó ní ìlú wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Àjíǹde ni wọn yóò lọ.

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ wá mi títí ó fi kàn mí lẹ́sẹ̀. "Lará, kí n tó lọ, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin ní Máàsì mi ní sólífà. Gbé páálí wá lọ́la. Èmi á máa kà, ìwọ á máa kọ. Mi ò fẹ́ kó bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ta ni yóò fi Yorùbá kọrin lọ́hùn-ún?"

Ajé, 26 Fẹ́búárì

Mo parọ́. Mo ní ikán ti jẹ ẹ́.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá."

Èéṣe tí n kò sọ pé méjì? Ẹnu mi kì í dúró sórí méjì bí mẹ́ta bá wà nílẹ̀. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ikán náà tóbi tó eku ẹmọ́, pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé èmi pàápàá. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń fi àtàǹpàkò pa ìka rẹ̀ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ilé ìwé kò sí, màá yọ páálí kẹta jáde, màá ní èmi ni mo gbà á lẹ́nu ikán. Ó tilẹ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àbámẹ́ta, 2 Máàṣì

Mo rí èéfín láti ojú títì.

Bàbá ti sọ̀rọ̀ ikán fún Fadá. Fadá ti da kẹrosíìnì sí gbogbo ohun tó wà ní ìkẹ́rùsí, ó ti kó wọn jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ṣáná sí i. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń fi igi ro iná. "Wò ó, Lará, ikán kì í ṣe ohun tí à ń bá ṣeré. Bí wọ́n bá gun àjà, ilé wó nìyẹn."

Páálí kẹta wà láàárín iná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti là. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Fadá fà mí sẹ́yìn, ó ní ṣé orí mi pé. Àwọn bébà náà ń ká kò, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, bí iná sì ti ń jó wọn ni gbogbo àmì ara wọn ń yọ dúdú. Ẹni tó lójú náà lè kà wọ́n báyìí. Lẹ́yìn náà wọ́n di eérú.

Ọwọ́ òsì mi ti léròrò. Mo sọ fún Màmá pé ààrò ló jó mi.

Àìkú, 3 Máàṣì

Mi ò kọrin. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Ìṣẹ́gun, 5 Máàṣì

Bàbá ní kí n mú òun lọ sídìí dùùrù. "Orí mi ti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ogún ọdún ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé ohun tó tẹ̀ rí. Jẹ́ ká bi ọwọ́ léèrè."

Ọ̀rọ̀ mìíràn yọjú. Dùùrù wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú tó odó, kò lè tẹ ẹwìrì mọ́. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, mo ti ẹsẹ̀ mi bọ abẹ́ rẹ̀, mo ń fẹ́ atẹ́gùn, ó ń fi ọwọ́ wá orin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa kọ ọ́? Ẹni tó ń tẹ ẹwìrì kò lè kọ̀wé, gbogbo ara ló ń mì.

Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ sólífà dáadáa, Jíbọ́lá Títíloyè, ọmọ mánijà báǹkì, tó máa ń pè mí ní Rédíò. Ó sàn kí n gbé májèlé jẹ ju kí n bẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì

Mo bẹ̀ ẹ́.

"Rédíò, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ikán jẹ ìwé, kí ikán wá kọ òmíràn."

Mo sọ òótọ́ fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́. Mo rò pé yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé Ugbowo.

"Ẹ̀pà?"

"Ẹ̀pà."

"Lará, o burú o. O burú ju bí o ṣe máa ń pa á nítàn lọ." Lẹ́yìn náà ló ní, "Aago mélòó?"

Ẹtì, 8 Máàṣì

"Olúwa, ṣàánú fún wa" ti parí! Ọjọ́ méjì! Bàbá á tẹ̀ ẹ́, á dúró, á ní "Irọ́ ni, ọwọ́ mi ń parọ́," á padà sẹ́yìn. Jíbọ́lá ń kọ, ó ń pa á rẹ́, eruku rọ́bà kún itan rẹ̀. Ooru mú wa débi pé mo rò pé a ó yọ́ bí òrí. Ẹsẹ̀ mi kò mọ ti ara rẹ̀ mọ́.

Bàbá ń kọ́ mi bí a ti ń ṣe é. Ó ní kí n máa wo ìka òun, èwo ló gun èwo, pé ojú tí mo ní kì í ṣe fún wíwo ọkùnrin nìkan. Jíbọ́lá rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìwé lù ú.

Àìkú, 17 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Yàrá Bàbá jò, a gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí àárín ilé. Kẹrosíìnì ti wọ́n ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, Màmá ní igi la ó máa dá báyìí. "Ògo" kò tíì dé ìdajì. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọwọ́ Bàbá kò mú ju ìlà kan wá. Lónìí ó fi ọ̀pá lu ẹsẹ̀ dùùrù, ó bú u ní Faransé.

Àìkú, 24 Máàṣì

"Ògo" parí lánàá. Lónìí ẹgbẹ́ akọrin kọ "Olúwa, ṣàánú" níbi ìdánrawò. Mìsíìsì Jayéọlá sunkún, ó ní orin náà ń sọ Yorùbá, kò ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kankan lápá. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ewúrẹ́ rárá. Bàbá ń gbọ́ láti ẹ̀yìn, ó tẹ orí sílẹ̀. Ó dì mí lápá mú: "Àwọn ikán yẹn kò jẹ gbogbo rẹ̀, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ẹtì, 29 Máàṣì

"Mímọ́" parí. Ó kúrú. Bàbá kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́, bàbá Jíbọ́lá ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé e. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Apá kan ló kù, "Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run". Bí Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ bá dé, Fadá yóò ti dùùrù pa lẹ́yìn "Ògo", kò ní ṣí i mọ́ títí di ìṣọ́ Àjíǹde. Bí a ti ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún wa.

Ọjọ́rú, 3 Épírì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pe Ọ̀dọ́ Àgùntàn. Ẹ̀ẹ̀kíní wọlé láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì wọlé ní ọ̀sán. Bàbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó fi gbogbo iwájú ara rẹ̀ ṣubú lé orí dùùrù. Gbogbo bọ́tìnnì ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń lọ, n kò mọ bí mo ṣe lè dá a dúró, dùùrù ń ké bí màlúù. Jíbọ́lá ló fi ọwọ́ di orúnkún mi mú.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, 4 Épírì

Ó wà láàyè. Dókítà wá bá a nílé, ó ní kó má ṣe dìde. Mo bẹ Fadá pé kó fi kọ́kọ́rọ́ dùùrù sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá tilẹ̀ ṣí i, ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?"

Ẹtì Rere, 5 Épírì

Bàbá ní kí n gbé pákó tí Màmá fi ń lọ aṣọ wá. Ó gbé e lé itan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ lé e. Ó ń tẹ pákó. Kò sí ohùn kankan, àfi èékánná lórí igi. Ṣùgbọ́n mo mọ ìka rẹ̀ báyìí, mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Mo wò, mo kọ. Ẹ̀ẹ̀kíní, bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀kejì, bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, "fún wa ní àlàáfíà", ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù kò sí, fáànù kò yí, NẸ́PÀ ti mú iná lọ látàná. Òógùn ń kán sórí ìwé mi.

"Kò sí níbí," ni ó wí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí mi. "Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú ni mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan, n kò lè tẹ̀ ẹ́. N kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ọwọ́ kò lè rántí ohun tí kò ṣe. Inú páálí ló wà."

Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá jáde lẹ́nu mi. Mo sọ ti Ìyá Osaro, mo sọ ti gọ́tà, n kò fi nǹkan kan kún un.

"Ẹ̀pà."

"Ẹ̀pà ni, Bàbá."

"O gbé páálí méjì lọ. Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Ìbéèrè tí mo ń sá fún nìyẹn. Mo ní ikán kò fọwọ́ kàn án. Mo ní ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń parọ́, iná tí irọ́ mi dá ló jó o.

Ó gbé pákó kúrò lórí itan rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. "Máa lọ sílé, Lará."

Àbámẹ́ta, 6 Épírì

Mo sọ fún Fadá. Mo rò pé yóò lù mí. Ó wá àga jókòó. "Èmi ni mo ṣáná sí i," ló ń wí. "Èmi ni mo fi igi ro iná rẹ̀." Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu fadá nínú.

Àjíǹde, 7 Épírì

Èmi ni mo tẹ dùùrù. Wọ́n fi àga gbé Bàbá Onoré wá síwájú.

Kí Máàsì tó bẹ̀rẹ̀ ni Jíbọ́lá ti bébà kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ti kọ ẹ̀ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀, ó fi ẹ̀ẹ̀kíní pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀kejì. "Tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Òun."

"Á kàn rò pé a rí bébà kan gbà là ni."

"Jíbọ́lá, mo ti fún un ní irọ́ tó pọ̀ tó."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹwìrì. Akọrin dákẹ́ bí mo ṣe sọ fún wọn. Fadá dúró pẹ̀lú Ara Olúwa lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, ọmọ kan ń sunkún ní ẹ̀yìn, ẹnì kan wúkọ́. Mo wo Bàbá. Ètè rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ náà, fún wa ní àlàáfíà, láìsí ohùn. Fadá dúró títí ó fi pa ẹnu dé, kó tó máa bá Máàsì lọ.

Ìṣẹ́gun, 9 Épírì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ga, kò gbọ́ èdè wa kankan. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò tó ń lọ sí Èkó. Gbogbo ìjọ dúró ní Uwasota, wọ́n ń kọrin. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, mo ní, "Bàbá, ó dàbọ̀."

Ó dá ohùn mi mọ̀. Ó ní kí wọ́n dúró.

"Ẹsẹ̀ rẹ yára jù nínú 'Ògo'. Atẹ́gùn kò ní tó ọ níparí. Má sáré."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹtì, 26 Épírì

Wọ́n pe Fadá lórí tẹlifóònù. Bàbá Onoré kú ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá.

Àìkú, 5 Méè

Fadá fẹ́ ṣe fótókọ́pì Máàsì náà ní Ugbowo, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ Yorùbá ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, níbi gbogbo. Ó ní kí èmi àti Jíbọ́lá dà á kọ mọ́. Nígbà tí a dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, àyè ìlà mẹ́rin ṣófo níbẹ̀.

Jíbọ́lá ní, "Kọ 'kò parí'. Ó tó bẹ́ẹ̀. Òkú ló ni ín, kò sẹ́ni tó máa béèrè."

Ṣùgbọ́n ó parí. Ogún ọdún ni Bàbá fi kọ ọ́, ó sì parí rẹ̀. Mo gba bírò lọ́wọ́ Jíbọ́lá, mo kọ ọ́ sínú àyè náà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà hàn kí fótókọ́pì lè mú un dáadáa:

Orin wà níbí. Èmi Ọmọlará Bámidélé ni mo sọ ọ́ nù.

"Ṣé o ya wèrè ni? Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló máa kà á o."

Mo ní kó kó àwọn ojú ewé yòókù wá, ká tò wọ́n fún Fadá.